Aró, Gíláàsì àti Iye Kòkòrò Ibà

Kíìtì àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ orí ìka sí yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n n kò rí bó ṣe fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ maikiroskóòpù. "Ó wà" tàbí "kò sí" ni kíìtì mọ̀ ọ́n sọ. Kì í sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye yìí ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Purotéènì HRP2 tí ọ̀pọ̀ kíìtì ń wá tún lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ẹni tó ti lo oògùn, tí ara rẹ̀ tún wá gbóná, kíìtì lè ní ibà ni, kó jẹ́ pé àìsàn mìíràn ló ń bá a fínra.

Dígí nìkan kọ́ ló fún maikiroskóòpù lágbára. Nígbà tí Laveran, dókítà ológun Faransé, rí kòkòrò ibà ní Constantine, ní Àlìjíríà, ní 1880, ẹ̀jẹ̀ tútù tí kò ní aró kankan ló ń wò. Okùn tín-ín-rín tó ń jà pìtìpìtì lára kòkòrò náà ló ta á lólobó. Aró ló jẹ́ kí ẹlòmíràn náà lè máa rí i láìṣiyèméjì. Romanowsky ará Rọ́ṣíà ti ṣíwájú ní 1891, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Giemsa ará Jámánì, tó tún aró náà ṣe ní 1904, ló mọ́ àwọn onílàábù lẹ́nu. Àárín kòkòrò a pọ́n, ara rẹ̀ a di búlúù. Lórí gíláàsì tí ẹ̀jẹ̀ ti ki, omi aró a fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa dànù, kòkòrò tó ṣọ̀wọ́n a sì hàn. Lórí èyí tó fẹ́lẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi methanol mú sẹ́ẹ̀lì dúró kó má bàa fọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ irú ibà tó jẹ́.

Àwọn kan á ní èsì láàbù kò ṣe é gbára lé, pé "plus plus" ni wọ́n ń kọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Òótọ́ wà níbẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tí wọn kò sẹ́ lè jọ kòkòrò lójú ẹni tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n "plus" kì í ṣe ìṣirò. Ìṣirò ni kí wọ́n máa ka kòkòrò títí sẹ́ẹ̀lì funfun 200 yóò fi pé, kí wọ́n sì gbà pé 8,000 irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan. Kòkòrò 30 a wá jẹ́ 1,200. Abúlé tí kò ní ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí, kíìtì ni kí wọ́n lò níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ka kòkòrò pàápàá, falciparum, ọ̀kan nínú irú kòkòrò ibà, tún lọ́gbọ́n: èyí tó bá dàgbà nínú wọn a lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, títí dé ti ọpọlọ, kì í sáábà bọ́ sórí gíláàsì. Nítorí náà, bí iye bá kéré lára ẹni tó ti ń dákú, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì tún un kà.