Ilẹ̀kùn Àdògán

Èéfín ni ìwà, àwọn àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n èédú ní ìwà kan tí kì í rú èéfín. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o nínú ààrò, a máa tú májèlé tí ojú kò lè rí, tí imú kò sì lè gbóòórùn. Májèlé náà a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a gba ipò afẹ́fẹ́ rere, títí ènìyàn yóò fi sùn láìjí.

Ọmọ Kétu kan ń gbé ní Akébé, ní ìlú Libreville. Ó ní àdògán onírin kan tí bàbá rẹ̀ fi rìímù táyà ọkọ̀ ṣe. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin padà sílé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni bàbá náà fi í sí. Nígbà tí ọmọ wá dé ìlú náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a fà á lé e lọ́wọ́. Gáàsì ni aya rẹ̀ fi ń se oúnjẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àdògán ni wọ́n fi ń yan ẹja.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá dé. Aya gbé àdògán wọlé, ó sì ti fèrèsé. Ilẹ̀kùn kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ èédú, ti dípẹtà; díẹ̀ ni ó ṣí. Kò pẹ́ tí orí fi ń fọ́ ìyá, tí ọmọ bì, tí ó sì ń tòògbé. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé ọmọ jáde sínú òjò, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Orí kó o yọ.

Nígbà tí wọ́n padà délé, aya ní, “Baálé mi, ẹ jẹ́ kí a gbé e sọnù.”

Ó dáhùn pé, “Ìyá ọmọ mi, irin kọ́ ni ó ṣẹ̀, àwa ni.”

Ó da eérú nù, ó fi ìṣó la àwọn ihò rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ògbólógbòó ha ìpẹtà, ó ta epo àtùpà sí i. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ń yí ti tẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi wáyà líle rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, ìka kan tó láti ṣí i. Ó dáná sí i ní gbangba, èédú sì pupa fòò.

Síbẹ̀, kò gbé e wọlé mọ́, nítorí àtúnṣe a máa dín májèlé kù ni, kì í pa á run. Ó fi igi mẹ́rin àti páànù ṣe àtíbàbà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Akébé. Ní ilẹ̀ òtútù, awo irin kan wà tí wọ́n fi ń dí ihò èéfín ààrò ilé. Bí a bá tì í nígbà tí ẹ̀yinná ṣì ń jó, ikú wọlé nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ìdáná inú ilé tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020.

Ogún bàbá yẹ ní títọ́jú, ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.