Àlejò Lójú: Ìrìn-àjò Ojú Omi Yíká Àwọn Erékùṣù Tinharé àti Boipeba

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn rí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ohun tó rí. Ó bá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn onígbafẹ́ láti erékùṣù kan dé òmíràn mu gan-an. Ojú èrò inú ọkọ̀ náà kún fún òkun aláwọ̀ ewé, fún iyanrìn funfun, fún igi àgbọn tó tẹ̀ dórí omi. Wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sílé. Ìbéèrè tó kù ni pé, kí ni wọ́n rí?

Ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ní gúúsù ìlú Salvador tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, ọ̀wọ́ erékùṣù kan wà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Cairu. Erékùṣù 26 ni wọ́n ń kà síbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: Tinharé, Boipeba, àti Cairu fúnra rẹ̀. Ṣónṣó àríwá Tinharé ni ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Morro de São Paulo wà, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dé sí. Ọkọ̀ ojú omi tó yára máa ń lò ju wákàtí méjì lọ láti Salvador débẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ti jáde kúrò nínú ọ̀sà ńlá tí Salvador dojú kọ, ó di agbami. Ìgbì a máa gbé e sókè, a máa sọ ọ́ kalẹ̀, inú ọ̀pọ̀ èrò a sì máa rú. Nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọn kò ní rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan, nítorí kì í wọ àárín ìlú náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti bárò ló ń bá àlejò gbé ẹrù gun òkè.

Láti ibẹ̀ ni ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan yíká àwọn erékùṣù ti ń bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì máa ń gbéra. Yóò dúró ní adágún inú òkun tó wà ní iwájú abúlé Garapuá, yóò tún dúró ní ti Moreré ní Boipeba. Lẹ́yìn èyí, èrò á sọ̀ kalẹ̀ jẹun ní Boca da Barra, níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Ọkọ̀ á wá gba inú omi tóóró tó wà láàrin àwọn erékùṣù, á yà ní ìlú Cairu, á sì padà dé Morro kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ìrìn náà ṣe máa ń lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n òkun ló ń pàṣẹ fún atukọ̀. Àárín àpáta inú omi ni àwọn adágún náà wà, wọn kì í sì í fara hàn àyàfi bí òkun bá fà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun etí ilẹ̀ yìí ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tí yóò tún kún jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ìdí nìyí tí òkun fi máa ń fà lónìí pẹ̀lú ìdádúró bí ìṣẹ́jú 50 sí ti àná. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí bí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi a fà jìnnà ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Nítorí náà, atukọ̀ tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí òṣùpá kó tó sọ fún èrò ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá sanwó tó sì fẹ́ pàṣẹ fún un yóò kàn rí omi rẹrẹẹrẹ ni, kò ní rí adágún.

Nínú adágún Moreré, nígbà tí òkun bá fà, omi kì í ju ìbàdí àgbàlagbà lọ ní ibi púpọ̀. Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún ọmọ Yorùbá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àní àwọn tó dàgbà sí etí ọ̀sà Èkó pàápàá, ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Irinṣẹ́ iṣẹ́ náà kò ju méjì lọ: awò tó bo ojú àti imú, àti ọ̀pá kan tí a fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, tí orí rẹ̀ sì yọ sókè omi. Ẹni tó bá lò wọ́n yóò da ojú bo omi, yóò máa fi ẹnu mí, yóò sì máa wo ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí ara kì í tètè gbà pé ènìyàn lè mí nígbà tí ojú rẹ̀ wà nínú omi. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa wá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni èémí á rọlẹ̀, tí etí á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni tó sùn.

Ìdí tí awò náà fi ṣe pàtàkì kò nira láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ ni a dá ojú ènìyàn fún. Bí omi bá kan ẹyin ojú, ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ohun gbogbo a sì di bàìbàì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí awò náà há mọ́ iwájú ojú ló ń dá ìríran padà. Nígbà náà ni ẹja kéékèèké aláwọ̀ òfeefèé, tí wọ́n ní ìlà dúdú márùn-ún lára, á yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n á sì máa yí àlejò ká láìbẹ̀rù.

Lábẹ́ wọn ni ohun tí ojú lásán ń pè ní òkúta wà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń fi ohun tó dà bí ẹfun kọ́ ilé ara wọn láti inú omi òkun ló kọ́ ọ, ilé lórí ilé, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé etíkun Bràsíìlì nìkan ni a ti ń rí i ní gbogbo ayé. Yorùbá mọ iyùn lọ́rùn ọba. Iyùn ọba àti èyí yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Bí àlejò bá wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti bàjẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí atukọ̀ rere fi máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lórí àpáta, kí ẹnikẹ́ni má sì fún ẹja ní búrẹ́dì.

Bí omi ṣe ní awò tirẹ̀, ilẹ̀ náà ní awò tirẹ̀: ìyẹn ni èdè àti ìtàn. Etíkun tí ọkọ̀ yìí ń rìn ní orúkọ kan, Costa do Dendê, tó túmọ̀ sí Etíkun Epo Pupa. Ọ̀pẹ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti dé Bràsíìlì, ní ayé òwò ẹrú. Ní Boca da Barra, abọ́ moqueca tí wọ́n gbé síwájú àlejò jẹ́ ẹja tí wọ́n fi epo pupa, omi àgbọn, ata àti àlùbọ́sà sè. Ní ìgboro Bahia, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń dín ẹ̀wà lílọ̀ nínú epo, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ yìí kò nílò ògbufọ̀. Ó ti gbọ́ àkàrà, ó sì ti gbọ́ jẹ. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà dendê wá láti inú èdè Kimbundu ti ilẹ̀ Angola, bẹ́ẹ̀ náà sì ni moqueca. Boipeba wá láti inú èdè Tupi, èdè àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó àti ẹrú rẹ̀ tó dé. Ejò pẹlẹbẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé Yorùbá ló ni gbogbo Bahia ń fi awò tó dọ̀tí wo omi. Ẹni tó mọ tirẹ̀ dáadáa ló máa ń tètè mọ ti ẹlòmíràn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun Áfíríkà. Ní ayé ìjọba Potogí, ọ̀ranyàn ni fún Cairu àti Boipeba láti máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí Salvador láti bọ́ àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú. Ìyẹ̀fun yíyan ọ̀hún ni ìbátan gàrí. Ọ̀pẹ sọdá lọ, ẹ̀gẹ́ sọdá bọ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kó sọdá ní tipátipá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò padà, nítorí ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú tó jáde ní Bràsíìlì. Nínú àwọn erékùṣù wọ̀nyí, àwọn abúlé kan ṣì wà tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí kìlombo, ìyẹn ibùgbé àwọn ọmọ ọmọ ẹrú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba inú omi tóóró lọ sí ìlú Cairu, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àwọn àlùfáà Fransíìsì ní ọdún 1654, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì. Irú igi kan náà ń hù létí ọ̀sà ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ohun tó wà nínú ewu kò kéré. Òfin ìpínlẹ̀ Bahia ti sọ Tinharé àti Boipeba di ilẹ̀ àbójútó láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè dá ìgbì dúró. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2019, epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etíkun àríwá-ìlà-oòrùn Bràsíìlì, ó sì tàn dé ibi tó ju 2,000 kìlómítà lọ. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ó ti dé Morro de São Paulo àti Boipeba. Apẹja, atukọ̀ àti àwọn aránilọ́wọ́ mìíràn fi ṣọ́bìrì kó o sínú àpò, àwọn mìíràn fi ọwọ́ kó o. Epo kan ló fún etíkun náà lórúkọ. Epo mìíràn ló fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ, tí epo rọ̀bì ti ba omi ìpẹja wọn jẹ́ rí, kò nílò àlàyé.

Ewu kejì ń gba orí ilẹ̀ bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ olówó ńlá sí gúúsù Boipeba, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún erékùṣù náà. Àwọn ará abúlé tó ń pẹja, tó sì ń ṣa èso nínú igbó ibẹ̀, fara ya. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹwà tó ń fa àlejò wá lè di ohun tí wọn yóò fi lé onílé jáde.

Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa padà dé Morro, oòrùn ti ń lọ ilé. Ọ̀pọ̀ èrò máa ń rìn lọ sí ibi odi àtijọ́ tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1630, nígbà tí ìbẹ̀rù àwọn ará Họ́láńdì gba ọkàn wọn. Láti ibẹ̀, ìlà-oòrùn ni agbami wà, ìwọ̀-oòrùn sì ni omi tó ya erékùṣù náà kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Orí omi yìí ni oòrùn ń wọ̀ sí, ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ní oṣù kẹfà, àti ní nǹkan bí aago mẹ́fà ní oṣù kejìlá. Omi á kọ́kọ́ pọ́n bí epo, lẹ́yìn náà á dà bí ẹlú. Kì í pẹ́, nítorí ní ilẹ̀ olóoru oòrùn máa ń já lọ tààrà ni. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì máa lọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá dúró díẹ̀ sí i lè yí ẹ̀yìn padà kọ ìwọ̀-oòrùn, kó wo apá ibi tí òkùnkùn ti ń bọ̀. Apá ibẹ̀ ni ilé wà. Oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yìí ti wọ̀ ní Èkó láti nǹkan bí wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Bí aago bá lu mẹ́fà ní Bahia, mẹ́wàá alẹ́ ti lù níbẹ̀. Òkun kan náà ló wà láàrin méjèèjì, òun náà ni àwọn tí kò sanwó ọkọ̀ gbà kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́, kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ yín dé Boipeba kí wọ́n tó jàǹfààní rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé àwòrán ayé, kí wọ́n wá etíkun Bahia àti etíkun Èkó. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ márùn-ún tó wà nílé wọn, kí wọ́n sì wádìí ibi tí èròjà kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gàrí.