Òkúta Tí Bàbá Ṣà Nínú Àwókù Zangouettin

Zangouettin ni wọ́n bí Bàbá sí, láàárín ìlú Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Òwò ló gbé àwọn òbí wọn kúrò nílẹ̀ Yorùbá débẹ̀. Àdúgbò àwọn àlejò oníṣòwò ni. Ọ̀rọ̀ Haúsá náà, zango, tó túmọ̀ sí ibùdó àwọn arìnrìn-àjò, wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba wó àdúgbò náà láti fi ibẹ̀ ṣe ojúkò òwò àti ọ́fíìsì, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní ZACA.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ń wá ilẹ̀kùn àti páànù tó ṣeé gbé, òkúta ni Bàbá ń ṣà sínú àpò. Àwọn ọmọ rò pé ìbànújẹ́ ló mú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Bàbá ti fẹ́ràn òkúta. Wọn kì í tà á. Wọ́n kàn ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán ni.

Quartz ló pọ̀ jù nínú òkúta funfun tí wọ́n ṣà. Bàbá kò rí opal kankan níbẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ní, ọwọ́ oníṣòwò kan ni wọ́n ti rà á ní SIAO, ọjà iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou lọ́dún 1988. Kì í ṣe irú èyí tó ń kọ mànà bí òṣùmàrè, tó sọ Wegel Tena ní Ethiopia di olókìkí láti ọdún 2008. Opal lásán ni, kò wọ́n, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Silica ló wà nínú opal àti quartz, ṣùgbọ́n omi wà nínú opal. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ ju quartz lọ, tí kò sì le tó o: quartz á ha opal, opal kò ní ha quartz. Opal kì í fẹ́ ooru. Bó bá gbẹ lójijì, ó lè sán. Bàbá á máa rin ín lómi, wọn á fi bébà ìha tó rí gbágungbàgun bẹ̀rẹ̀, wọn á máa lo èyí tó kúnná sí i, wọn á wá fi awọ parí rẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ìlọrin láyé àtijọ́, òkúta pupa ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà. Wọn á gbẹ́ ẹ, wọn á lu ú, wọn á sì lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn.

Quartz ni Bàbá ti ń lọ̀ ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́, àkọ́bí wọn obìnrin ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà.” Dókítà béèrè ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Ó ṣàlàyé pé eruku silica máa ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá náà kì í sì í lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹra fún eruku lè dín ewu pé yóò pọ̀ sí i kù.

Ọmọ ní kí wọ́n da àpò náà nù. Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ilé yín ló wà nínú àpò yẹn.”

Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí nìyí: inú omi nìkan ni lílọ̀, ìta gbangba ni, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku lóòótọ́ ni Bàbá á máa lò, kì í ṣe aṣọ lásán, àkísà tútù ni wọn á fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀, ọmọdé kankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ti gba òkúta kan. Èyí tó kéré jù ní opal lòun fẹ́, nítorí ó ń dán. Quartz ni Bàbá fún un.

“Èyí tí mo rà, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ojúde bàbá mi ni mo ti ṣa eléyìí.”

Ọmọ náà béèrè ibi tí ojúde ọ̀hún wà. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá mú un lọ wò ó.