Ẹ̀rín Ilé Epo

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930 ni àwọn ará Berlin kọ́kọ́ wo “Die Drei von der Tankstelle” ní sinimá Gloria-Palast. Fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ṣì ṣàjèjì sí wọn nígbà náà. Ìtàn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni. Wọ́n ti ìrìn àjò dé, wọ́n bá gbèsè nílẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ sì ti fẹ́ kó àga àti tábìlì wọn lọ. Orin ni wọ́n fi dá a lóhùn! Nígbà tí epo tán nínú ọkọ̀ wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ta ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ṣí ilé epo síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tí Lilian Harvey ṣe, ló wá gba ọkàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù iṣẹ́ ní Jámánì lọ́dún yẹn. Ẹni tí gbèsè ń lé kiri wá jókòó nínú òkùnkùn, ó ń wo ẹni tí gbèsè lé bá tó ń jó.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí fíìmù náà jáde gan-an ni àwọn ará Jámánì dìbò. Ìjókòó 12 ni ẹgbẹ́ Hitler ní tẹ́lẹ̀ nílé aṣòfin. Ó di 107.

Lónìí, orí fóònù ni mo ti ń wò ó, èmi nìkan. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí, àmọ́ àwọn orúkọ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n rín in tán. Júù ni Wilhelm Thiele tó darí rẹ̀, Júù ni Werner Richard Heymann tó ṣe orin rẹ̀. Àwọn méjèèjì sá kúrò nílùú nígbà tí ẹgbẹ́ Hitler gba ìjọba. Ẹgbẹ́ akọrin Comedian Harmonists tó kọrin níbẹ̀ tú ká, nítorí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà jẹ́ Júù. Lọ́dún 1937, ìjọba fòfin de fíìmù náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1955. Ará Jámánì ṣì ń kọ “Ein Freund, ein guter Freund”, orin ọ̀rẹ́ tí Heymann ṣe, títí dòní.

Bí ẹ bá rí fíìmù náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo lọ́yà sísanra inú rẹ̀ dáadáa. Kurt Gerron ni orúkọ òṣèré tó ṣe é. Berlin ni wọ́n bí i sí. Auschwitz ni wọ́n pa á sí lọ́dún 1944.