Nọ́ńbà Ara Ilẹ̀kùn

Lọ́jọ́ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá wa ń yangàn pé fóònù òun ti ń mú 5G. Ni gbogbo wọn bá rọ́ bò ó, wọ́n ń wo fóònù bí ẹni ń wo ìkókó. Èmi ò bá wọn pariwo. Fóònù Màmá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ni mo dàgbà sí, níbi tí èéfín ẹja ti ń jí èèyàn kí àkùkọ tó kọ. Ẹja yíyan ni Màmá mi ń tà. Ní nǹkan bí ọdún 2008, wọ́n ra fóònù CDMA kan. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ orúkọ àwọn tó ń ṣe é nígbà yẹn: Starcomms, Multilinks, Visafone, àtàwọn mìíràn. Mi ò ní dárúkọ tiwa o, jàre. Owó ìpè rẹ̀ ò gunni lára, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Màmá mi ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ìsọ̀. Àwọn oníbàárà láti Òyìngbò dé Mushin ń pè é. Bọ̀ọ̀dá, àbúrò Màmá mi tó bá àwọn apẹja lọ sí Libreville ní Gabon, náà ń pè é ní gbogbo Kérésì. Wọ́n á ní kí n ka ABD fún àwọn, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín kèékèé.

Ṣé ẹ rí i, inú síìmù ni nọ́ńbà GSM ń gbé. Bí fóònù bá bàjẹ́, wàá yọ síìmù, wàá fi sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n ti CDMA wa yìí ò ní síìmù. Inú fóònù gan-an ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Lọ́dún 2013 tí NCC fàyè gba kéèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, àárín àwọn oní-GSM ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé sì ti ń lọ sí 4G. CDMA ò bímọ tí yóò jogún rẹ̀. Kódà ní Amẹ́ríkà, Verizon pa tirẹ̀ ní ìparí 2022. Nílé níbí, MTN ra Visafone, torí ìgbì rédíò 800 MHz tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe 4G. Ibi tí àwọn kan ti ń kí ará ilé wọn tẹ́lẹ̀ ni àwa fẹ́ máa gbà wo fíìmù.

Tiwa ò rí olùrà. Ó kàn dákẹ́ lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà ní JSS.

Àwọn oníbàárà mọ ìsọ̀, wọ́n wá wa rí. Bọ̀ọ̀dá ò ní nọ́ńbà mìíràn. Fóònù alájọgbé wọn ni wọ́n sì máa ń yá pè wá, àwa náà ò mọ ibi tí a ó pè. Mo ti wá wọn lórí Facebook títí. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ wọn níbẹ̀ pọ̀ bí ewé.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo jókòó ti Màmá mi, mo ṣàlàyé CDMA àti LTE fún wọn bíi lẹ́kítọ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Tó bá wá pe nọ́ńbà yẹn, kí ni wọ́n ń sọ fún un?"

Ẹnu mi wọlẹ̀.

Mo ti yá ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì láti fi nọ́ńbà tuntun bo ti ara ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n kọ tuntun sísàlẹ̀, kí n má fọwọ́ kan ti òkè. Lálẹ́, bí wọ́n ṣe mú iná dé, wọ́n ní kí n bá àwọn ki fóònù yẹn bọ iná.