Kí Ni Orúnkún Mọ̀?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa la gbọ́ òwe yìí dàgbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ físíótẹ́rápì, ìbéèrè mìíràn ló ń wá sí mi lọ́kàn: kí ló ń gbé àgbà ṣubú gan-an? Nílé wa, wọ́n á ní ojú ti ń ṣe bàìbàì, tàbí pé egungun ti gbó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, orúnkún náà ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jókòó, ẹ di ojú, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ẹ sì ká a díẹ̀. Ẹ mọ ibi tó wà, àbí? Ẹ kò wò ó, ẹ kò sì fọwọ́ kàn án. Inú iṣan itan, àti inú okùn tó so egungun mọ́ra ní oríkèé, ni àwọn ìránṣẹ́ tín-tìn-tín wà tó ń sọ fún ọpọlọ bí ẹsẹ̀ ṣe ká àti bó ṣe nà. Charles Sherrington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932, ló sọ ọ́ ní proprioception. Èmi ń pè é ní ìmọ̀lára ipò ara.

Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, àwọn ìránṣẹ́ yìí ń dín kù, àwọn tó kù kì í sì já fáfá mọ́. Tí a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó di ojú èèyàn, a ó ká orúnkún rẹ̀ dé ibì kan, a ó dá a padà, a ó wá ní kó fúnra rẹ̀ ká a débẹ̀. Ọ̀dọ́ sábà máa ń sún mọ́ ọn ju àgbà lọ. Bí làkúrègbé bá tún wà nínú orúnkún náà, àṣìṣe á pọ̀ sí i. Lórí àga, àṣìṣe dígíríì mélòó kan kò jẹ́ nǹkan kan. Lórí àtẹ̀gùn, ó tó láti mú èèyàn kọsẹ̀.

Ohun tó fa àríyànjiyàn nílé wa lọ́dún tó kọjá nìyí. Ìyá àgbà wa ti lé ní ọdún 80, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni yàrá wọn wà. Wọ́n yọ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù kan, alẹ́ ni méjèèjì, nígbà tí iná lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ògiri. Ìyá àgbà ní ojú fèrèsé òkè ni àwọn ti ń kí gbogbo àdúgbò, pé ẹni tí a bá ti kọjú ẹ̀ sí ògiri, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ín nìyẹn.

Mo bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n ro ti alẹ́ yẹn dáadáa. Lọ́sàn-án, ojú ń ran orúnkún lọ́wọ́. Bí òkùnkùn bá dé, orúnkún nìkan ló kù. Nítorí náà, a fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, a kan irin mọ́ ògiri tí wọ́n lè dì mú, a sì gbé iná oníbátìrì síbẹ̀. Láràárọ̀, Ìyá àgbà ń dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí iṣan itan wọn lè lágbára. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbọ́wọ́ lé tábìlì, wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Irú eré ìdárayá báyìí máa ń dín ìṣubú àgbà kù.

N kò lè ṣèlérí pé wọn kò ní ṣubú mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, ẹ lọ wo àtẹ̀gùn ilé yín lálẹ́. Kí ẹ tó ní kí àgbà má gòkè mọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀.