Fídíò Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Wò Parí

Nínú oríṣiríṣi iṣẹ́ ìkọ̀wé tí mo fi ń jẹun ní Àbújá, èyí tó ń mú owó wọlé jù láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni kíkọ ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń sọ níwájú kámẹ́rà. Yunifásítì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn á gbé ìwé ẹ̀kọ́ wá, èmi á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu, olùkọ́ á sọ ọ́, onífídíò á yà á. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó mi: bí fídíò bá ṣe gùn tó ni owó mi ṣe ń pọ̀ tó. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣe àpò mi lóore. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí fídíò ẹ̀kọ́ wa kúrú, kí ó rọrùn láti wò, kí a sì dín owó tí à ń ná sórí ẹwà rẹ̀ kù.

Oríṣi fídíò ẹ̀kọ́ kò pọ̀ bí a ṣe rò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí olùkọ́ ń kọ́ àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ti sítúdíò: kóòtù, táì, iná mẹ́ta, olùkọ́ ń kojú wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹ̀kẹta ni síláìdì tó ń yí lójú ẹ̀rọ, tí ohùn olùkọ́ ń tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ tó ń kọ̀wé: a kò rí ojú olùkọ́, ìwé rẹ̀ là ń wò, ó ń kọ, ó ń sọ. Èyí ni Salman Khan sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Nadia, ọmọ ìbátan rẹ̀, ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2006, ó ti ń gbé e sórí YouTube. Ẹ̀karùn-ún ni pátákó onígíláàsì tí olùkọ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí ìkọ̀wé rẹ̀ ń tàn yòò, tí a sì ń rí ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Lójú àwọn tó ń náwó níbí, ti sítúdíò lọ̀gá gbogbo wọn.

Ní ọdún 2014, Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin gbé ìwádìí kan jáde lórí fídíò 862 láti inú kọ́ọ̀sì 4 tí edX gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yẹ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò wọ́n wò, ó sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9. Wọ́n rí i pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, ó kéré tán ìdajì àwọn tó ń wò ó kì í kọjá ìṣẹ́jú 6. Olùkọ́ tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì di àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ju ẹni tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí ní sítúdíò lọ. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé borí síláìdì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì tí wọ́n kàn gé wẹ́wẹ́ kò sì dá wọn dúró tó èyí tí wọ́n dìídì ṣètò fún íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé wíwò kì í ṣe mímọ̀: bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nídìí fídíò ni wọ́n wọ̀n jù, kì í ṣe ohun tó kù sí wọn lọ́pọlọ. Àmọ́ ohun tí ènìyàn kò wò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Tiwa tún ní ohun kan tó le ju tiwọn lọ, ìyẹn dátà. Fídíò tó ń lo mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa jẹ MB 450 ní wákàtí kan. Ohùn lásán tí wọ́n fún pọ̀ sí kílóbíìtì 64 kò jẹ tó MB 30 ní wákàtí kan náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ní Senegal, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2013 ní àwọn ibùdó ní onírúurú ìlú, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè lọ lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra MB kọ̀ọ̀kan, gígùn fídíò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà. Ó ti di owó ilé-ìwé kejì.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Jos ni mo fi ń mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń wò ó. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó sì ń kàwé gboyè láti ọ̀nà jíjìn. “Àǹtí mi,” ó ní, “ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yéé kí wa.” Ohun tó ń sọ ni pé orin, àmì yunifásítì tó ń pòòyì, ìkíni ọ̀gá ẹ̀ka, àti àfojúsùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà láti òkè délẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló sì ń sanwó gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà inú síláìdì rí wínníwínní bí èèrà lójú fóònù rẹ̀. Bó bá fi í sétí nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, olùkọ́ á ní, “Bí ẹ ṣe ń wò ó níbí yìí,” láì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní sáà tó kọjá, ó fi kọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò yé e; dátà ló kọ́kọ́ tán, agbára ló tẹ̀lé e.

Àwọn tó fẹ́ràn sítúdíò náà ní ìdí tiwọn. Lọ́dún tó kọjá, mo bá prọ́fẹ́sọ̀ kan ṣiṣẹ́ lórí kọ́ọ̀sì Statistics. Mo dábàá pé kí a gbé fóònù kọ́ sókè tábìlì, kí wọ́n máa kọ̀wé sórí pépà.

“Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n ní, “ṣé olùkọ́ lẹ́sìn lo fẹ́ sọ mí dà?”

“Rárá o, sà. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ṣebí ọ̀rọ̀ olùkọ́ lẹ́sìn ló máa ń yé ọmọ jù?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gbà. Wọ́n ní ṣé mo mọ iye ọdún tí àwọn ènìyàn fi fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé ẹ̀rí ọ̀nà jíjìn? Wọ́n rán mi létí pé títí di ìgbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin National Open University ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilẹ̀kùn Law School ṣì wà ní títì mọ́ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀. Sítúdíò ni wọ́n fi ń sọ fún òbí, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba pé yunifásítì gidi nìyí. Mo gbọ́ wọn yé. Àmọ́ aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Iyì ìwé ẹ̀rí wà lára ohun tí ẹni tó gbà á lè ṣe, ẹni tí kò sì lè wo ẹ̀kọ́ parí kò ní gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé a ya ìkíni ìṣẹ́jú mẹ́ta ní sítúdíò, pẹ̀lú kóòtù àti táì, a sì ya ẹ̀kọ́ gan-an lórí tábìlì wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí standard deviation, wọ́n kọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sílẹ̀: 4, 6, 8, 10, 12. Wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n fi 5 pín in, ó jẹ́ 8. Wọ́n kọ bí máàkì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 8, wọ́n sọ ọ́ di 16, 4, 0, 4, 16, wọ́n rò ó pọ̀ sí 40, wọ́n tún fi 5 pín in. Kí wọ́n tó wá gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n dá bírò dúró, wọ́n ní, “Ẹ fi ọkàn ṣe é ná.” Síláìdì ì bá ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kò lè yára ju ọwọ́ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bá a lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ ló gbà. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe yunifásítì rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi sí gúrúùpù WhatsApp wọn.

Mi ò sọ pé ọwọ́ àti pépà ló yẹ gbogbo ẹ̀kọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí wọ́n bá ń kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lábẹ́rẹ́, àfi kí a rí abẹ́rẹ́, apá, àti ìka tó dì í mú. Ẹni tó ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a rí ẹnu òun. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ lè jẹ́ ohùn lásán, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ìwé rẹ̀ síwájú. Ẹ̀kọ́ òfin dára bí àríyànjiyàn láàárín olùkọ́ méjì. Ohun tí ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ojú rí ni kí kámẹ́rà kọjú sí. Bí kò bá sí nǹkan tí ojú máa rí, kí a gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ fídíò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, kí ẹ tó háyà sítúdíò fún odidi sáà, ẹ ya ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, kí ẹ rí i pé àwọn tó ń lo fóònù kékeré wà nínú wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè: èló ni dátà rẹ̀ ná yín? Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ kà? Kí lẹ lè ṣe báyìí tí ẹ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ yí bí ẹ ṣe ń sanwó fún àwa tó ń kọ ọ́ padà. Bí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú díwọ̀n, ìṣẹ́jú la ó máa tà fún yín. Àkòrí ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wò parí ni kí ẹ máa rà lọ́wọ́ wa.